Àbẹ̀kẹ́ Tó Ń Fi Ọkọ̀ Ìjàpá Gbé Mi Nínú Òtútù

Ó dìgbà o, Àbẹ̀kẹ́. Ó dìgbà tí n kò mọ ọjọ́ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè.

Olúfúnmiláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́, aya mi àtàtà, ìyá Tóbi, nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ tuni lára, olóyinmọmọ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, abiyamọ tí kì í jẹun tán láìbèèrè ẹni tí kò tíì jẹ, ìwọ ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún. Tóbi ọmọ wa ní kí n má jẹ́ kó gùn, pé àwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú yìí ti wọn àyè tó jẹ́ tèmi. Mo ní mo gbọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá ti sọ pé mo gbọ́, ohun tó wù mí ni mo fẹ́ ṣe.

Àwọn tó mọ̀ ọ́ ti kọ tiwọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ilé ìwòsàn kọ nípa sùúrù rẹ, àwọn obìnrin ìjọ kọ nípa àdúrà rẹ àti ọbẹ̀ rẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ka gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ ọkọ̀ ìjàpá. Bóyá wọ́n rò pé kò yẹ ká mẹ́nu kàn án níbi ìsìnkú. Kò sí ẹni tó mọ̀ wá ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta níhìn-ín, tí kò mọ ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí tí a fi ń gùn ún nígbà òtútù? Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ̀ ọ́n. Bí n kò bá kọ ọ́ síbí, yóò bá mi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe rí i rà. A ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Tóbi ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. A lọ kí ọlọ́mọ tuntun kan ní Douglasville. Bí a ṣe ń bọ̀, o sáré ní kí n dúró. Mo rò pé èébì ló ń gbé ọ, mo yára yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. O sọ̀ kalẹ̀, o gba orí koríko lọ sí iwájú ilé òyìnbó kan, níbi tí ọkọ̀ ìjàpá kan dúró sí. Búlúù ni àwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, oòrùn ti jẹ́ kó ṣá, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé ó wà fún títà. O fọwọ́ pa á lórí. O ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ.

Bàbá rẹ, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Ìṣẹ́yìn, irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n gùn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, lásìkò tí àwọn ará àdúgbò ń bi wọ́n pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ọkọ̀ wíwà ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ ọ, èmi kò mọ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń yí jíà, o sì máa ń rán mi létí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ń ṣe bí ọkùnrin lójú rẹ.

Òyìnbó tó ni ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ó jáde wá, ó ṣàlàyé ọkọ̀ rẹ̀ fún wa bí ẹni ń fọmọ fọ́kọ. Ó ní ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, pé kò sí omi nínú rẹ̀ rárá, pé atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ sí i ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ gùn ún nígbà òtútù. Ó ní bí òtútù bá ti wọlé, ká fi aṣọ bò ó nínú gáràjì, ká má ṣí i títí òdòdó yóò fi yọ. O ń dá a lóhùn pé, "Yes sir, yes sir," ohùn kan náà tí o fi máa ń dá dókítà lóhùn bí o bá ti pinnu pé o kò ní ṣe ohun tó wí.

Mo ráhùn. Mo ní a ní ọkọ̀ tó dára nílé, tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà ooru, tó ń móoru nígbà òtútù. O kò bá mi jiyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, o lọ wa ìjàpá rẹ wálé, èmi ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn, mo sì ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fun fèrè kí ọ lójú títì, tí ìwọ náà ń juwọ́ sí wọn. N kò tíì rí ọ kí inú rẹ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé ìlú yìí mọ bí ìgbéyàwó ṣe rí níhìn-ín. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Suwanee, níbi tí mo ti ń to páálí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀sán ni ìwọ ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn ní Lawrenceville. Bí o bá ń wọlé bọ̀, mo ti ń wọ bàtà. Ọbẹ̀ tí mo bá bá lórí sítóòfù ni mo fi ń mọ̀ pé o wà nílé, ìwọ náà ń fi abọ́ tí mo bá fọ̀ mọ̀ pé mo jẹun. Àárọ̀ nìkan la ní. O máa ń wá gbé mi níbi iṣẹ́, a ó jọ lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ, ìwọ yóò sọ̀ kalẹ̀, èmi yóò wa ọkọ̀ lọ sílé lọ sùn.

Kí n má parọ́ mọ́ òkú, nínú ọkọ̀ tó móoru yẹn, oorun ni mo máa ń sùn. Kí o tó yọ kúrò ní géètì ibi iṣẹ́ mi, mo ti lọ. Ìgbà tí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ, "Bàbá Tóbi, a ti dé" lo máa ń sọ. N ó bọ́ sí ìjókòó rẹ, ìwọ á ti máa lọ pẹ̀lú àpò rẹ léjìká. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọdún púpọ̀. Mo rò pé ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Òtútù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a ra ìjàpá, mo jáde níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wá ọkọ̀ wa kiri. N kò rí i. Ìjàpá ni mo rí, èéfín funfun ń jáde nídìí rẹ̀, ìwọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà onírun tó bò ọ́ létí. Mo bi ọ́ pé kí ló ṣe ọkọ̀ kejì. O ní kò ṣe nǹkan kan, ó wà nínú gáràjì. Mo ní kí ló wá dé. O ní kí n wọlé kí òtútù má pa mí síta. Mo wọlé, mo sì rí i pé inú ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ìta.

Àwọn tó ń gbé ìhà àríwá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń ga dé orúnkún, máa ń fi òtútù Atlanta ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n wá gun ìjàpá ní kùtùkùtù ọjọ́ tí ìrì bá dì sórí koríko. Ooru ara ẹ́ńjìnì ló yẹ kó máa gba inú páìpù abẹ́ ọkọ̀ wá bá wa lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù náà ti dógùn-ún, ó ti luhò káàkiri. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ju èémí ọmọ ọwọ́ lọ. Èémí tiwa fúnra wa ló wá ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú láti inú, tó ń dì síbẹ̀ pẹlẹbẹ. Bí a kò bá ha á kúrò, o kò ní rí títì. Ọwọ́ rẹ méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́. O na káàdì ilé ìtajà kan tó ti kú sí mi. O ní, "Bàbá Tóbi, ẹ bá mi ha gíláàsì."

Iṣẹ́ tí mo rí gbà lẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn. Mo ń ha yìnyín níwájú rẹ, ó ń bọ́ sórí itan mi. Bí mo bá kọjú sí iwájú tèmi, kí n tó parí, tìrẹ tún ti bò. Mo ń bú ọkọ̀ náà, mo ń bú òyìnbó tó tà á, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. O ti kó bùláńkẹ́ẹ̀tì lé mi lẹ́sẹ̀, ògì gbígbóná sì wà nínú fláàsì, o ti fi mílíìkì sí i bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ. O kì í sáré gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. O máa ń fọwọ́ pa á níwájú, o máa ń ní, "Ẹ jẹ́ kó jí tán ná." Bó bá wá jí tán, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ọgbà, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Mo rò pé àárọ̀ ọjọ́ kan yẹn nìkan ni. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni. Nígbà tí àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi aṣọ bo tiwọn, ìgbà náà gan-an ni ìwọ ń ṣí aṣọ lórí tìrẹ. Bí òtútù bá sì lọ, tí òdòdó yọ, tí ojú ọ̀run mọ́ dáadáa, wàá dá ìjàpá padà sínú gáràjì, wàá gbé ọkọ̀ kejì jáde. Tóbi wò wá títí, ó ní, "Mummy, you guys have heat in the other car. Why are we suffering?" O ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Bí a bá dúró níbi iná pupa, àwọn òyìnbó a sọ gíláàsì wọn kalẹ̀, wọ́n a ya ọkọ̀ wa ní fọ́tò, àwọn mìíràn a bi wá bóyá a fẹ́ tà á. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n bá rí wa, ńṣe ni wọ́n máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú má bàa tì wá. N kò bá wọn wí. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, tó rí nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ọkọ rẹ̀ nínú ìjàpá tí kò ní ooru, nǹkan kan ṣoṣo ni yóò rò.

Nígbà tó di òtútù kejì, ìgbìmọ̀ aláàánú ìjọ dìde. Wọ́n wá bá wa nílé lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ló ṣáájú wọn. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì wá, wọ́n gbé ẹ̀wù òtútù wá. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bá ẹ̀mí tó ń dá ẹni padà sẹ́yìn wí lọ́nà oríṣiríṣi. O kúnlẹ̀ láàárín wọn, àmín tìrẹ ló ròkè jù. Èmi kò mọ ibi tí mo máa fojú sí. Lẹ́yìn àdúrà, Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì di ọwọ́ rẹ mú.

"Mummy Tóbi, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. We are family. Ta ni kò ní challenge ní America yìí? Ọkọ̀ kan wà ní driveway mi, ọmọ mi ti lọ school, nobody is using it, heat rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wá máa gùn ún, at least till winter á fi lọ."

O dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. O fún wọn lóúnjẹ, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lẹ́yìn náà lo ní kí wọ́n bá ọ ká lọ wo nǹkan kan, o sì tẹ bọ́tìnnì gáràjì. Ọkọ̀ kejì wà níbẹ̀, ó ń dán. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì wo ọkọ̀, wọ́n wò ọ́, wọ́n wò mí, nígbà tó yá wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àdúrà tí a gbà kò ṣòfò, kó lọ bá ẹni tó nílò rẹ̀. Wọ́n bi ọ́ pé kí ló wá dé tí o fi ń fìyà jẹ ọkọ rẹ. O ní o kàn fẹ́ràn ọkọ̀ náà ni. Wọ́n fi ẹ̀wù òtútù yẹn sílẹ̀ fún mi, mo ṣì ń wọ̀ ọ́ dòní.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìwọ ń fọ abọ́, mo dúró tì ọ́, mo ń nù ún. Mo ní kí o sọ òótọ́ fún mi. Mo ní ọkọ̀ tó móoru wà nílé, ìjọ tún fẹ́ fún wa ní òmíràn tó móoru, kí ló dé tó fi jẹ́ ìjàpá nìkan lo ń fẹ́, nígbà òtútù nìkan? O kò kọjú sí mi. Omi ń dà lọ nínú ẹ̀rọ.

"Bàbá Tóbi, nínú ọkọ̀ tó móoru yẹn, ẹ máa ń sùn. Mo máa wá sí Suwanee wá gbé ọkọ mi, àpò ìrẹsì ni mo máa gbé dé Lawrenceville. Nínú ìjàpá, òtútù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ ó máa ha gíláàsì, ẹ ó sì máa dá mi lóhùn. Èmi náà fẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kí n tó wọ shift."

Mo ní kí ló dé tí o kò kàn jí mi. O pa omi ẹ̀rọ, o wá kọjú sí mi, ojú rẹ ń wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ yà ọ́ lẹ́nu. O ní, "Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú? Báwo ni mo ṣe máa jí yín torí pé mo fẹ́ ròyìn?"

Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú. Mo nu abọ́ tó kù, mo tò wọ́n síbi tí o ń tò wọ́n sí. Láti ìgbà náà, n kò tún sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lójú ọ̀nà mọ́, kódà nínú ọkọ̀ kejì. Mo máa ń jókòó gbọn-in, mo ń ya ojú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kò gbà mí gbọ́. Bí òtútù bá ti wọlé, ìjàpá náà ni.

Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti wá mọ ẹni tí mo fẹ́. Ibẹ̀ lo ti sọ fún mi pé nígbà tí ìyá rẹ kú ní Ìṣẹ́yìn, tí ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde, tí o kò sì lè lọ sin wọ́n, inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ní ilé ìwòsàn lo ti lọ sunkún. O nujú, o padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ wà nínú ọkọ̀ tó móoru. Mo sì sùn.

Èmi náà sọ tèmi. Mo sọ fún ọ pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn tí a jọ ń to páálí tó mọ̀ pé mo ti ṣe tíṣà rí, pé mo máa ń lálàá kíláàsì tí mo ti ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì, pé bí mo bá jí, n ó kọ́kọ́ máa wá ṣọ́ọ̀kì. O ní kí n máa kọ́ ìwọ. Bí mo ṣe ń ha gíláàsì ni mo ń ka orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa fún ọ, ibi tí wọ́n ti ṣàn wá àti ibi tí wọ́n ń ṣàn lọ. Ìwọ a mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kí n lè bínú. A tún máa ń jà nínú ọkọ̀ yẹn o. A jà lórí pé Tóbi fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, a jà lórí ilé tí a fẹ́ kọ́ ní Nàìjíríà tí a kò kọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jà, gíláàsì ń bò, o sì ní láti bẹ̀ mí kí n ha á. Ìjà wa kì í pẹ́ nínú ìjàpá.

Mo fẹ̀yìn tì, ìwọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń jí ní ìdájí, èmi tí kò ní ibi tí mò ń lọ mọ́, kí n lè bá ọ jókòó dé ilé ìwòsàn. O ní kí n padà lọ sùn. Mo ní ta ni yóò ha gíláàsì.

Ọdún tó kọjá, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, àìsàn náà dé. Ìwọ tó ti ń tọ́jú èèyàn nínú ilé ìwòsàn yẹn di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ìgbà òtútù ni wàá fi máa wá gba oògùn. Mo ní ọkọ̀ kejì la ó máa gbé lọ. O kọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, Tóbi pè láti ibi tó wà, òun náà bẹ̀ ọ́. O ní bí kì í bá ṣe ìjàpá, o kò lọ. Nígbà tí mo rí i pé o kò ní gbọ́, mo wa ìjàpá lọ sí Douglasville, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo ní kó tú gbogbo páìpù tó ti jẹ yẹn, kó fi tuntun sí i. N kò sọ fún ọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọ jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ooru rú jáde lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ. O fa ẹsẹ̀ sókè, o wò mí. O ní, "Bàbá Tóbi, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ mi?" O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. O ní mo ti sọ ọ́ di ilé ìdáná. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, nítorí oògùn tí o ti ń gbà bọ̀ ti mú ọwọ́ rẹ kú tipiri. Ìwọ wà lápá ọ̀tún, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Gíláàsì mọ́ kedere, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ha. Síbẹ̀ o mú káàdì àtijọ́ yẹn dání, o ń fi ìka yí i.

Bí a bá ń lọ, a máa ń sọ̀rọ̀. Bíbọ̀ ni kò rọrùn. Oògùn náà lágbára, ooru sì tù ọ́ lára, kí n tó yọ kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn, o ti sùn.

Èmi náà wá di ẹni tó ń wa ẹni tó ń sùn kiri. Mo kọjá ilé ẹjọ́, mo kọjá àwọn ìsọ̀ ńláńlá tí iná wọn ń tàn, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́: ẹni tó pè, ohun tí Tóbi sọ nípa ọmọbìnrin tó fẹ́ mú wá kí wa, bí Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ṣe ṣubú lu àga níbi ìpàdé tí wọ́n sì ní àga náà ló ti wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn á tẹ́ ọ lọ́rùn. Mo bá iná pupa dúró, mo kọjú sí ọ. Ẹnu rẹ ṣí díẹ̀. Káàdì náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àbẹ̀kẹ́, nígbà náà ni mo tó mọ bí ó ṣe rí lójú rẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì ọwọ́ nínú ọkọ̀ yẹn, òun la fi ń ṣí ooru, òun náà la fi ń tì í. Ìwọ lo fi hàn mí. Ọjọ́ tó kẹ́yìn tí mo gbé ọ bọ̀ láti ilé ìwòsàn, òtútù mú gan-an níta. Àwọn dókítà ti sọ ọ̀rọ̀ wọn fún wa láàárọ̀ yẹn, a sì ti mọ̀ pé ìgbà tó kù kò pọ̀. O sùn. Iná pupa dá wa dúró, mo gbé ọwọ́ lé ọ̀pá náà. Mo rò ó pé bí mo bá ti ooru yìí pa, kò ní pẹ́ tí òtútù á fi wọlé, gíláàsì á bò, wàá ṣíjú, wàá ní, "Bàbá Tóbi, ẹ bá mi ha gíláàsì." Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan báyìí rí láyé mi. Iná yí sí àwọ̀ ewé, ẹni tó wà lẹ́yìn mi fun fèrè.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀. Mo rọra wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ìyànà ilé wa, n kò yà. Mo wà á lọ tààrà, mo yí i ká gbogbo àdúgbò, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, wàá jí, oògùn yẹn kò sì jẹ́ kí o rí oorun sùn nílé.

Òdòdó kò tíì yọ tí o fi lọ. Ilé dákẹ́. Mo máa ń se ògì ju èyí tí mo lè mu lọ. Tóbi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, mo ní mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo tọ́jú dè ọ́ ṣì wà lẹ́nu mi gbogbo rẹ̀, òmíràn sì ń kún un lójoojúmọ́, n kò mọ ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Aya mi, wọ́n ti tẹ́ ọ sínú pósí, wọ́n ṣe ọ́ lọ́ṣọ̀ọ́, ojú rẹ sì rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí níbi iná pupa yẹn. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbọ̀n ọ́ léjìká. Ṣùgbọ́n o ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó ti rẹ̀ ọ́, ìwọ náà kò sì jí mi rí nítorí pé o fẹ́ ròyìn. N kò ní jí ọ.

Sùn re o, Àbẹ̀kẹ́. Máa sùn.